Yánrin tí Ó Kọ́ṣẹ́ Lára Ọdẹ́jìnmí

Ẹ wá ibi gbígbẹ tẹ́ ẹní sí, kí ẹni tí ń wúkọ́ wú u tán, kí ìyá ọmọ fi ọmú sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ ní ìdajì. Ẹni tó bá gbọ́ orí rẹ̀ tí kò gbọ́ ìdí, yóò ní ọdẹ náà kò láyọ̀lé. Ẹni tó bá gbọ́ ìdí tí kò gbọ́ orí, yóò ní kò fẹ́ràn aya rẹ̀.

Ní ìlú Ìdí-Àpá, odò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀yè. Kò fẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ le lè ju òkò dé òdì kejì. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kó ọkà bàbà wọlé tán, àwọn ará ìlú a máa lọ sí etí odò náà nírọ̀lẹ́, wọn a jókòó, wọn a kọjú sí òdì kejì. Níbẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí, àgbà ọdẹ, ń dá gbé nínú ahéré kan lórí àpáta. Yóò jáde wá sórí òkúta tirẹ̀, yóò sì máa sọ ìrìn-àjò rẹ̀ fún wọn. Ó ń ké e bí ẹni tí ń pe ajá tó ti jìnnà, kí ìró omi má baà gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, kò sọdá padà. Kò sì sí ẹni tí ń sọdá lọ bá a.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìyàwó tuntun kan wà láàárín wọn, aya Oyèlẹ́yẹ, tí kò tíì mọ ohun tí àwọn ará ilé kì í bèèrè. Kí ọdẹ tó la ẹnu, ó ti nahùn.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Omi yìí kò mà mu ni dé orúnkún. Kí ló dé tí ẹ kò sọdá wá bá wa jókòó sórí ẹní?"

Àwọn àgbà obìnrin fi ìgúnpá gún un. Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí. "Àlejò ló ń bèèrè ọ̀nà. Onílé a máa rìn ín títí yóò fi gbàgbé pé ọ̀nà ni. Ìyàwó, èmi tí o ń wò yìí, mo ti gbá ẹkùn létí rí, ẹkùn náà sì bẹ̀ mí."

"Lọ́dún tó kọjá, ìkookò lẹ pè é," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

"Ìkookò lọ́dún tó kọjá ni," ni Ọdẹ́jìnmí fèsì. "Ọdún kan gbáko ló ti fi dàgbà. Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ kọ́ mi lẹ́ran ìgbẹ́?"

Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́. Ohun tí ó sọ fún wọn nìyí.

Ẹfúnyẹmí ni orúkọ aya rẹ̀. Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Wọn kò bímọ. Àwọn méjèèjì ni ọmọ ara wọn, àwọn ni ìyá ara wọn. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí ṣì ń gbé nínú ìlú, tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, òùngbẹ kan dé bá Ẹfúnyẹmí. Ó mu omi àmù tán, ó tún kó agbè lọ sódò. Lẹ́yìn òùngbẹ, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí òrí tí a gbàgbé sínú oòrùn. Ó ń jẹun bí alágbàro, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò mọ ibi tí ó ń lọ nínú ara rẹ̀. Ibi tí ó bá tọ̀ sí, eèrà a bò ó. Àwọn àgbà ní àtọ̀gbẹ ni, wọ́n sì se àgbo. Àgbo náà sa gbogbo ipá rẹ̀, àìsàn náà sa tirẹ̀, àìsàn ló ju àgbo lọ. Nígbà tó yá, bí Ẹfúnyẹmí bá dùbúlẹ̀, ẹni tó bá wọlé yóò rò pé aṣọ ni wọ́n tẹ́ sórí ẹní.

Ọdẹ́jìnmí mọ ohun tó ń bọ̀. Bí obìnrin yìí bá lọ, kò sí ẹnì kan mọ́ láyé tí yóò máa bi í pé níbo ni òjò ká a mọ́.

Ó gbé ìbọn lọ sígbó, kì í ṣe nítorí ẹran, bí kò ṣe nítorí pé kò lè sunkún nílé níbi tí aláìsàn ti ń wò ó. Ibẹ̀ ni ó ti bá àgbàlagbà ìgalà kan pàdé, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ó gbé ìbọn sójú.

"Ọdẹ́jìnmí," ni ìgalà wí, "bí o bá yìnbọn pa mí, ẹran líle ni o rí jẹ. Bí o bá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, o lè rí aya gbà padà."

"Sọ ọ́ kíá. Ìbọn yìí wúwo."

"Gbogbo àgbo tí ẹ ń sè, lílé ni ẹ ń lé nǹkan jáde. Àrùn aya rẹ kì í ṣe ohun tó wọlé wá. Ohun tó fi ilé sílẹ̀ ni. Ṣé a lè lé ẹni tí kò sí nílé? Lọ sí ìlú Ewégbọ́n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ewé ní iṣẹ́ tí ara ènìyàn ń ṣe. Ọ̀nà rẹ̀ gba inú Igbó Àìdáhùn kọjá."

Ọdẹ́jìnmí sọ ìbọn kalẹ̀. Ó bẹ Tinúomi, aya ilé kejì, ọ̀rẹ́ Ẹfúnyẹmí, pé kí ó máa pọnmi fún un. Tinúomi ní, "Ọkọ mi, ẹ máa lọ. Bí ó bá fẹ́ kú, n ó bú u títí yóò fi dìde wá fèsì." Ọdẹ́jìnmí sì mú ọ̀nà pọ̀n.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín dúró. Igbó Àìdáhùn ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Igbó náà kò ní ẹyẹ, kò ní kòkòrò, ewé gbígbẹ inú rẹ̀ kò sì dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọdẹ́jìnmí sọ̀kò lu igi, òkò náà bọ́ láìní ìró. Ó ki oríkì ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì kú sí ìdí ètè. Ó pe orúkọ aya rẹ̀. Gbohùngbohùn pàápàá kò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí," ni ọdẹ ké láti òdì kejì omi, "ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún aládùúgbò tó ń sọ̀rọ̀ jù, ẹ kò mọ̀ pé gbohùngbohùn jẹ́ ènìyàn. Èmi tí mo bá erin jìjàkadì, ìdákẹ́ ló dá mi dùbúlẹ̀. Mo jókòó, mo ń fi ọwọ́ kan ara mi láti mọ̀ bóyá mo ṣì wà."

Ó rìn nínú ìdákẹ́ yìí títí ó fi rí i pé òun kò rántí bí ohùn Ẹfúnyẹmí ti ń dún mọ́. Ojú rẹ̀ ó rántí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ó rántí. Ohùn náà ti lọ. Èyí dùn ún ju ebi lọ.

Iwin kan ló ni igbó náà, Adánìkangbé lorúkọ rẹ̀. Etí ló bò ó láti orí dé orúnkún bí ewé ṣe ń bo igi: etí ńlá, etí kékeré, etí tó ti gbó, etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú. Gbogbo ìró inú igbó náà ni ó ti gbé mì. Ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, bí ó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi kí ó jókòó kí ó gbẹ́sẹ̀ sókè.

Ó na àtẹ́lẹsẹ̀ náà sí Ọdẹ́jìnmí lójú. "Ènìyàn, wọn kò kọ́ ọ kí o kan ilẹ̀kùn kí o tó wọlé onílé?"

Ọdẹ́jìnmí rí i pé níwájú iwin yìí, ohùn òun ń jáde. "N kò rí ilẹ̀kùn," ó wí. "Ẹsẹ̀ ni mò ń rí. Ìwọ náà, wọn kò kọ́ ọ kí o má máa na ẹsẹ̀ sí àlejò lójú?"

"Má jẹ́ ká bínú," ni Adánìkangbé wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ. Gbọ́ èyí. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú ilé. Onílé kò rí i rí, kò kí i rí, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọjọ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni onílé tó mọ̀ pé ó ti wà. Kí ni? Bí o bá kùnà, ohùn rẹ di tèmi."

Ọdẹ́jìnmí ronú. Ó fẹ́ sọ pé èémí ni, ṣùgbọ́n ènìyàn mọ èémí rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ọkàn ni, ṣùgbọ́n ọkàn a máa lù, etí a sì gbọ́ ọ. Nígbà náà ni ó rí Ẹfúnyẹmí lọ́kàn rẹ̀, tó ń jẹun tí kò yó, àti eèrà tó ń yí ìtọ̀ rẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ ìgalà sì yé e wàyí.

"Òṣìṣẹ́ inú ara aya mi ni," ó wí jẹ́ẹ́. "Òun ló ń gbé adùn oúnjẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi tí ara ti ń fi í ṣe agbára. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, adùn náà sì ń bá ìtọ̀ lọ. A kò kí i rí, nítorí a kò mọ̀ pé ó wà."

Gbogbo etí ara iwin náà gbọ̀n. "O gbà á," ó wí. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè. "Ṣé kí n tún bi ọ́ ní òmíràn? Kékeré ni. N kò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ."

"Aya mi ń kú lọ, ọ̀rẹ́ mi."

"Máa lọ nígbà náà."

Bí Ọdẹ́jìnmí ti ń lọ, ó bojú wẹ̀yìn. Gbogbo etí yẹn kọjú sí i, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi bọ́ sẹ́yìn òkè.

Ẹnu ibodè Ewégbọ́n kún fún àwọn tí ń dúró. Olúkúlùkù jókòó sábẹ́ igi tirẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí àìsàn ẹnì kejì yé. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n fi òwú yí ká láti ọrùn dé ẹsẹ̀ bí ẹyin tí a fẹ́ gbé lọ sọ́jà.

"Má sún mọ́ mi, ọdẹ," ni ọkùnrin náà wí. "Òṣìṣẹ́ tí ń dí ojú ọgbẹ́ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Bí èékánná rẹ bá ha mí báyìí, wọn ó fi mí kun ilẹ̀."

"Ta ló fi òwú yí ọ?"

"Ìyá mi. Ó tún ní kí n má rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, bí o bá mọ àpárá, pa á mọ́."

Obìnrin kan wà lábẹ́ igi kejì tí ikùn rẹ̀ wú tí eegun sì ń ro ó. Ó ní ẹni tí ń gbá pàǹtí nínú ara òun ni kò wáyé pẹ̀lú òun, pàǹtí náà sì ti kún ilé. Kò bá Ọdẹ́jìnmí sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti bá àwọn tó dúró ṣáájú sọ̀rọ̀ tán.

Arúgbó kan tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọ̀ ewé ti wọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ló ni ibẹ̀. Ìyá Ewé ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹranko tí ó ti pa.

Ìyá Ewé ní, "Gbé wọn sọ̀ ná, ọmọ mi, wọ́n ti kú. Ǹjẹ́ o lè jókòó jẹ́ẹ́?"

"Ìyá, èmi tí mo ti lúgọ de—"

"Mo ní jẹ́ẹ́."

Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Ewé mú un wọ inú ilé kan tí wọ́n fi ìmọ̀ ọ̀pẹ bò. Yánrin ló wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ yánrin tí gbogbo yín mọ̀, ewé rẹ̀ ń bẹ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. "Nínú ara rẹ," ni arúgbó náà wí, "ìlànà iṣẹ́ yìí wà, bí ahunṣọ ṣe ní ọnà aṣọ lórí láìwo ibì kan. N ó mú irú rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n èmi kò lè fọwọ́ gbé e wọ inú ewé. Ilẹ̀kùn ewé kéré. Kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, olè ni. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti ń wọ ilé ewéko lọ gbé ẹrù ibi pamọ́, tí ara wọn fi ń so kókó. A ti gba ẹrù ibi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà ara rẹ ni a ó gbé rù ú. Bí ó bá ti gbé e sílẹ̀ nínú ilé, ewé yóò rò pé iṣẹ́ ìdílé òun ni, yóò sì máa ṣe é."

"Kí wá ni tèmi, Ìyá?"

"Kí o jókòó tì í títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Má sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ kì í fẹ́ ariwo. Bí o bá sọ̀rọ̀, yóò gbàgbé, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó gún un lápá, ó mú ohun tó fẹ́ mú, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọdẹ́jìnmí jókòó. Yánrin àkọ́kọ́ rọ lójú rẹ̀, ó kú. Èkejì hù dáradára, ṣùgbọ́n kò kọ́ nǹkan kan. Òmíràn pọ́n bí ewé tí iná rà. Òun àti àwọn ewé yìí ń wo ara wọn. Nígbà tó wá ku díẹ̀ kí èyí tó kàn mọ iṣẹ́ náà, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ilé. Ohùn tí ó ti sọ nù lọ́kàn rẹ̀ nínú Igbó Àìdáhùn ni.

"Ọdẹ́jìnmí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ bá mi fi igbá bu omi."

Ó dìde, ó tún jókòó. Ohùn náà tún pè. Ó bèèrè ohun tó dé tí òun ń pe ẹni tí kò jẹ́. Ọdẹ́jìnmí fi eyín di apá aṣọ rẹ̀ títí aṣọ náà fi ya, kò sì dáhùn.

"Ìyàwó Oyèlẹ́yẹ," ni ọdẹ wí láti orí òkúta rẹ̀, kò sì ké mọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wọn fi ní láti nọ́rùn, "ẹkùn kò ṣòro. Ó kàn fẹ́ jẹ ọ́ ni."

Nígbà tí Ìyá Ewé ṣílẹ̀kùn, yánrin kan dúró láàárín ilé, ewé rẹ̀ ń dán. Ọdẹ́jìnmí bi í bóyá iwin ló fi ohùn aya òun tan òun.

"Kì í ṣe iwin," ni arúgbó náà wí. "Ohun tí ó ń sọ nílé rẹ ní àkókò yẹn gan-an ni o gbọ́. Máa lọ kíá."

Ó di yánrin náà sínú iyẹ̀pẹ̀ fún un, ó sì kọ́ ọ ní òfin rẹ̀. "Ewé yìí kì í ṣe ẹ̀fọ́ mọ́, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kékeré ni kí aya rẹ máa jẹ lójúmọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, nítorí òṣìṣẹ́ méjì lórí iṣẹ́ kan yóò gbá adùn ilé náà gbẹ. Bí ó bá sì fẹ́ tanná, jẹ́ kí nǹkan méjì jìnnà sí i: oko ẹlòmíràn, àti ẹni tí ó ń jẹ ẹ́. Òórùn òdòdó rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì ń lé kún èyí tí a ti jẹ. Ohun tí a jẹ, a lè wọ̀n ọ́n. Ohun tí a mí sínú, ta ni ń wọ̀n ọ́n?"

Bí Ọdẹ́jìnmí ti délé, Tinúomi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ti ha nítorí èébú tó ti ń bú aláìsàn. Ọdẹ́jìnmí já ewé, ó gún un, ó fi sí Ẹfúnyẹmí lẹ́nu. Òùngbẹ ló kọ́kọ́ lọ. Eèrà ṣíwọ́ lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í padà sára obìnrin náà, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní apá, títí Tinúomi fi ní kí ó má jókòó ba àpótí òun jẹ́.

Ọdẹ́jìnmí gbin yánrin náà sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó sì fi ọgbà yí i ká. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi aya rẹ̀, pé ewé náà yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́. Ní àárọ̀, kí Ẹfúnyẹmí tó jí, yóò ti gé gbogbo ìrudi òdòdó tó bá yọ orí. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé òun ti parí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n àgbà ọdẹ kan kú, Akínṣípẹ̀. Bí ọdẹ bá kú ní Ìdí-Àpá, ìṣípà rẹ̀, ètùtù tí àwọn ọdẹ fi ń dágbére fún un, kì í ṣe ohun tí ọdẹ kan ń yẹra fún. Inú igbó ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tó bá sì wọ igbó náà kò ní jáde títí wọn yóò fi parí rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí kò lè sọ fún Olúọdẹ pé ewé ni òun ń ṣọ́. Ó gé ìrudi tó rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì lọ. Ẹfúnyẹmí kò lè bá a gé ìyókù, nítorí òun gan-an ni òfin ní kí ó jìnnà.

Òdòdó tanná lẹ́yìn rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì dá Ẹfúnyẹmí dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń làágùn, kò lè gbé ọwọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Tinúomi dé. Ẹ̀yin mọ ìṣe wa. Ní Ìdí-Àpá, ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ti ẹni tó gbìn ín nìkan. Ti ẹni tí ìkòkò rẹ̀ wà lórí iná ni. Ẹni tó bá fẹ́ já a yóò kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Onílé, mo yà lọ́dọ̀ yín o," yóò sì já a. Ẹni tó bá fi ẹ̀fọ́ du aládùúgbò, orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ títí kan ọmọ ọmọ rẹ̀. Tinúomi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun yà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó rò pé ọ̀rẹ́ òun sùn ni. Ó ká yánrin náà kún apẹ̀rẹ̀, ó lọ fi egúsí sè é fún ilé rẹ̀.

Igbe tó sọ nínú agbo ilé náà ló mú kí wọ́n ránṣẹ́ sínú igbó, tí Olúọdẹ fi jẹ́ kí Ọdẹ́jìnmí jáde. Ó bá Tinúomi àti ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n, òógùn bò wọ́n bí ẹni tí òjò pa, ojú wọn là, wọn kò sì mọ ènìyàn. Ọdẹ ló mọ ibi tí oyin wà. Ó bu oyin láti inú agbè rẹ̀, ó ń dà á sí wọn lẹ́nu níkọ̀ọ̀kan. Ó dà á sí ti Ẹfúnyẹmí náà lẹ́nu. Nígbà tó yá, Tinúomi ṣẹ́jú.

"Ọkọ mi," ó wí, "ọbẹ̀ náà mà dùn o."

Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọdẹ́jìnmí fi máa dé ẹ̀yìnkùlé, òdòdó ti di òwú funfun, òwú náà sì ti ń fò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí yánrin tí ń hù ní ọ̀nà ọjà àti ní oko àwọn ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó lè mọ èyí tí í ṣe ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí èyí tó kọ́ṣẹ́.

Baálẹ̀ pe ìlú jọ. "Ọdẹ́jìnmí, kò sẹ́ni tó ní o fẹ́ pa wá," ó wí. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún fi ọkàn balẹ̀ jẹ yánrin? Ọjọ́ tí ìyàwó ilé bá dúró lójú ẹ̀fọ́ tí ẹ̀rù ń bà á, ìlú ti tú. Kí a fà á tu, kí a sun ún."

"Ẹ bi èmi tí mo jẹ ẹ́," ni Tinúomi wí, ó ṣì fi ara ti ọkọ rẹ̀. "Bí ẹ bá sun ún tán, Ẹfúnyẹmí ni ẹ sun. Ta ni n ó wá máa bá jà létí odò? Òun nìkan ló mọ èébú tó bá mi lára mu."

Nígbà náà ni Ọdẹ́jìnmí dìde.

"Ẹ fa gbogbo èyí tó wà nínú ìlú tu," ó wí. "Òdì kejì Àwẹ̀yè, àpáta ni. Kò sí oko níbẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń fẹ́ lọ sígbó, kì í fẹ́ wá síhìn-ín. N ó gbé ìdí kan lọ síbẹ̀, n ó máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òwú irúgbìn rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ irun, a máa wọ inú aṣọ. Bí mo bá ti sọdá, n kò gbọdọ̀ padà mọ́."

"Mò ń bá yín lọ," ni Ẹfúnyẹmí wí.

"Òórùn rẹ̀ yóò pa ọ́."

"Ẹ ó máa gé òdòdó rẹ̀."

"Bí mo bá gé gbogbo rẹ̀, Àwẹ̀ró, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Gbogbo ìlú ń wo obìnrin náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti sanra padà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ mú ẹ̀wù òtútù yín," ó wí. "Orí àpáta a máa tutù."

Níbẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí dá ìtàn náà dúró. Àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí àgbà ọdẹ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń kí i bí ẹni tó ń lọ sí àjò, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń lọ. Òun dúró lórí òkúta rẹ̀ títí ẹ̀yìn wọn fi kéré.

Arúgbó obìnrin kan ṣẹ́kù sí etí odò. Okùn kan wà tí wọ́n ta láti igi òdì yìí dé igi òdì kejì, igbá kékeré sì so kọ́ ọ. Ọdẹ́jìnmí fa okùn náà, igbá náà sì ń mì lọ mì bọ̀ lórí omi títí ó fi dé ọwọ́ Ẹfúnyẹmí. Yánrin gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀. Abẹ́ òjìji ni ọdẹ ti ń sá a, tí ó ń lọ̀ ọ́ kúnná, tí ó ń kù ú, kí irúgbìn kankan má baà bá a sọdá.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" ni Ẹfúnyẹmí bèèrè.

"Mo ti jẹ."

"Kí lẹ jẹ?"

"Oúnjẹ."

"Irọ́ yín kò tíì gbó," ó wí. "Aṣọ yín ti ya lẹ́yìn, mo rí i nígbà tí ẹ yípadà. Tinúomi ní kí n sọ fún yín pé ẹkùn yẹn tún ti tóbi sí i."

"Sọ fún un pé ẹkùn náà kí i."

Obìnrin náà bu ìwọ̀n tí ó yẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ìyókù rẹ̀ ó dì sí ìṣẹ́tí aṣọ. Kì í gbé ti ọjọ́ tó bá wá lọ sílé kó tó jẹ ẹ́. Etí odò ló ti ń jẹ ẹ́, kí ọkọ rẹ̀ lè máa wò ó. Ó dà á sẹ́nu, ó fi omi Àwẹ̀yè lé e. Ọdẹ́jìnmí ń wo ọ̀fun rẹ̀ tí ó ń gbé e mì. Iṣẹ́ ara tirẹ̀ ló ń wọlé lọ yẹn, iṣẹ́ tí ó fi ìdákẹ́ kọ́ ewé, tí yóò máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹfúnyẹmí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti mọ, bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ọkọ tó ti igbó dé.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí.

Ọkùnrin náà gbé ojú rẹ̀ kúrò nínú oòrùn tó ń wọ̀.

"O kúulé, Àwẹ̀ró," ó wí.

Obìnrin náà gba ọ̀nà ilé, ọkùnrin náà gba ọ̀nà àpáta.

Ẹ ká ẹní yín. Ẹni tó bá ní ẹni tí yóò kí i káàbọ̀ nílé, kí ó má pẹ́ lọ́nà.